Èmi Ni Mo Sọ Ọ́ Di Ilé Ráhábù

Ushafa, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò,
Abuja.

Bùnmi mi, ọmọ tèmi,

Má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́ o. O mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ọwọ́ tó ti mọ́ máṣíìnì lára kì í tètè mọ́ bírò lára, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í yára wá. Mo ti fa ìwé méjì ya láti àárọ̀. Ibi tí o bá ti rí i pé lẹ́tà kan ń gun orí èkejì, fara balẹ̀, tún un kà.

O máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. "Mọ́mì, mo ti gbọ́. Mọ́mì, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, màá pè yín padà." Kí ni o ti gbọ́, nígbà tí mi ò tíì sọ ọ́? Nǹkan mìíràn tún ni pé ọkọ mi (wò ó, mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, ojú ń tì mí) ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí tí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ yìí, mi ò tíì lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Oṣù márùn-ún péré ló tíì pé tí a ṣègbéyàwó. Ó ń ṣe mí dáadáa. Ó máa ń pọn omi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún mi kí n tó jí. Èmi ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnì bí ọmọge. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí kó má baà gbọ́ ọ tán kó ní, "Ṣé irú obìnrin tí mo gbé wálé nìyí?"

Ọ̀rọ̀ náà ni pé o ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni wàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kwali, pé ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe mẹ́tírọ́ọ̀nù nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn ti di bárakú fún. Mo bi ọ́ pé ṣé ilé náà ní ìwé àṣẹ ìjọba. O ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ ṣáà ni." Inú bí mi. Iṣẹ́ ṣáà ni! Olè náà ń pe tirẹ̀ níṣẹ́.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Fẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló pín wa níyà. Lónìí, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ará àdúgbò máa pàdé lábẹ́ igi máńgòrò Alága wa láti pinnu bóyá kí wọ́n lé ilé náà kúrò. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, àwọn mìíràn kò ní ibi tí wọ́n máa lọ. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n fi kàn wọ́n. Bùnmi, ẹ̀sùn méjèèjì, ọwọ́ mi ló ti wá. Ọwọ́ èmi ìyá rẹ. Kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o lè rí ohun mú dání lọ sí Kwali.

Ìkínní: ohun tí o kò bá kà yé, má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí mo dé ilé ọkọ tí ẹnì kan wá ń fi ọ̀dà kọ nǹkan sára géètì ilé kejì. Mo dúró tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo ń pe lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé: R, E, H, A, B. Réhábù. Ta ni mo mọ̀ tó ń jẹ́ irú orúkọ yẹn bí kò ṣe Ráhábù aṣẹ́wó Jẹ́ríkò? Mo ní ẹni tó ń kun ọ̀dà ló ṣì í kọ. Mo gbójú sókè, aṣọ pupa kan ń fì lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé, gẹ́gẹ́ bí okùn òdòdó tí Ráhábù so mọ́ fèrèsé tirẹ̀. (Kọ́tìnì ni wọ́n fọ̀ tí wọ́n sá. Mo ti mọ̀ báyìí.) Nígbà tó di Sátidé, mọ́tò ńlá kan dé, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó fa fìlà bo ojú, ó sá wọlé. Mo ní ó parí.

Ọkọ mi ló yẹ kí n bi. Àmọ́ ìyàwó tuntun ni mí, báwo ni màá ṣe fi ẹnu mi sọ "ilé aṣẹ́wó" níwájú ọkùnrin? Ibi tí kò yẹ kí ojú ti tì mí ni ojú ti tì mí. Ibi tó yẹ kí ojú ti tì mí, ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu. Ìyá Adéọlá, tó ń darí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló jókòó tì mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

"Ìyàwó, kí ló dé tí ẹ ń mí kanlẹ̀ báyìí?"

"Mà, ẹ má jẹ́ kó jáde o. Ilé Ráhábù ni wọ́n ṣí tì wá."

"Ráhábù wo?"

"Ti Jẹ́ríkò náà ni. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára géètì."

"Yéè! Ní gbangba báyìí? Wọ́n wá lọ mú orúkọ nínú Bíbélì, wọn ò tilẹ̀ bẹ̀rù!"

Kó má jáde tí mo wí yẹn, nígbà tó fi máa di Wẹ́sidé, mẹ̀rúwà tó ń ti omi kiri ti ń bi mí pé ṣé òótọ́ ni. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọbìnrin wọn kọjá sí òdìkejì títì. Àwọn ọkùnrin ọlọ́kadà tó máa ń sáré tẹ́lẹ̀ wá ń rọra lọ tí wọ́n bá dé iwájú géètì náà, wọ́n ń na ọrùn bí ògòǹgò. Nígbà tí Alága fúnra rẹ̀ lọ ka ohun tí wọ́n kọ, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ó sì ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Orúkọ ti dúró. Bí o bá ń bọ̀ lónìí, sọ fún ọlọ́kadà pé Ilé Ráhábù lò ń lọ, kò ní bi ọ́ pé níbo. Àwọn onílé ń kígbe pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gba yàrá ládùúgbò mọ́ nítorí orúkọ. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ nìyẹn, "Wọ́n ti ba orúkọ àdúgbò wa jẹ́." Àwọn wo ló bà á jẹ́?

Nítorí náà, ọmọ mi, kí o tó sùn lóru àkọ́kọ́ ní Kwali, kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó yí yín ká. Lọ kí baálẹ̀. Lọ kí ìyá tó ń ta kúlíkúlí. Sọ fún wọn pé irú ilé báyìí ni, èèyàn báyìí ló wà níbẹ̀, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ èmi ni kí ẹ pè. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára géètì lédè tí gbogbo wọn lè kà. Bí o kò bá sọ ohun tí ò ń ṣe fún aládùúgbò, irú ìyá rẹ ló máa bá ọ sọ ọ́.

Èkejì ló nira fún mi láti kọ. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ wo ìkòkò ọbẹ̀ tí kò sí lórí iná.

Obìnrin kan wà nínú ilé yẹn tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà. Ọmọ kékeré ló ń kọ́ ní ilé ìwé kan ní Mpape kí oògùn tó bà á jẹ́. Búlọ́ọ̀kù oníhò wà nínú fẹ́ǹsì wa, ibẹ̀ sì ni mo gbé máṣíìnì mi sí nítorí òjìji. Òun náà á gbé àga wá sí òdìkejì. Àwọn mégáàdì àdúgbò ń pè mí ní Amarya, bí àwọn Haúsá ṣe ń pe ìyàwó tuntun, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ Ráhábù fún un (mi ò sọ pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀), ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di búlọ́ọ̀kù mú. "Ah, Amarya! Ibi tí wọ́n ti ń tún ẹni tó bàjẹ́ ṣe ni o. Èmi gan-an ni wọ́n ń tún ṣe."

Òun ló ní kí n máa mú ìwé wá. Bùnmi, ìdajì ọ̀rọ̀ tí ò ń kà yìí, òun ló kọ́ mi bí mo ṣe lè kọ ọ́. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa kọ orúkọ mi tuntun ní ẹ̀ẹ̀kan láìgbé bírò sókè. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ìka ni mo tẹ̀, nítorí mi ò tíì lè kọ ọ́ dáadáa. O rí i, o sì díbọ́n bí ẹni pé o kò rí i. O ṣeun.

Ní ọjọ́ kan ó ní, "Amarya, ikọ́ fẹ́ pa mí. Wọn ò dá mi lóhùn níbí. Ẹ bá mi ra oògùn ikọ́." Ó dárúkọ rẹ̀. Ó wúkọ́ fún mi gbọ́, ikọ́ tó jinlẹ̀. Mo lọ sí kẹ́místì, kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Mo fi àkísà aṣọ wé e, mo tì í gba inú ihò búlọ́ọ̀kù. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ láàánú níbí yìí."

Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ni mo rà á, màá ní àìmọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Nígbà kejì mo rí i pé ikọ́ náà kò lọ, ojú rẹ̀ sì ń rẹ̀ bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Nígbà kẹta mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé irú oògùn ikọ́ tí wọ́n ń mu yó ni. Mo rà á, torí pé ó ń yìn mí. Kò sí ẹlòmíràn tó ń yìn mí ní Abuja yìí yàtọ̀ sí ọkọ mi, ìyìn tirẹ̀ kò sì tíì mọ́ mi lára.

Wọ́n rí ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ariwo sọ. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Ọkùnrin tó ni ilé náà, Dókítà ni wọ́n ń pè é, òun fúnra rẹ̀ kò sì purọ́ rí pé dókítà lòun. Ọtí ti fìgbà kan ba ayé tirẹ̀ náà jẹ́. Ẹ̀rù bà á, ó fi ẹ̀wọ̀n so Tíṣà lẹ́sẹ̀ mọ́ ibùsùn kó má baà jáde lọ wá òmíràn. Ní báyìí, tí mo bá dá máṣíìnì dúró láti yí òwú padà, mo máa ń gbọ́ ọ. Ẹ̀wọ̀n náà ń dún ṣaworo lórí sìmẹ́ńtì. Mo sì máa ń tètè tẹ máṣíìnì padà. Ẹ̀wọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ obìnrin yẹn, èmi ni mo rà á, ní ìgò mẹ́ta.

Ẹ̀sùn kejì nìyẹn, pé wọ́n ń ta oògùn nínú ilé náà.

Gbọ́, Bùnmi. Àánú tí kò bèèrè ọ̀rọ̀ lè pa èèyàn. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, má ro pé ọ̀daràn tó fi ìbòjú bojú ló máa gbé oògùn wọlé. Ìyá onígbàgbọ́ tó ń kọrin bí ó ti ń ránṣọ ni. Lọ wo fẹ́ǹsì yín dáadáa. Kí o sì bá ìyá náà sọ̀rọ̀, má kan ihò pa nìkan, torí ihò mìíràn wà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ńkọ́, má bá mi jiyàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ọ yí ilé ká, ẹsẹ̀ wọn ni kí o kọ́kọ́ wò. Wọ́n á fi tẹlifíṣọ̀n hàn ọ́, wọ́n á fi bẹ́ẹ̀dì tuntun hàn ọ́. Ẹsẹ̀ ni kí o wò. Tí o bá rí àpá ẹ̀wọ̀n, bèèrè. Tí o bá rí ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀, gbé báàgì rẹ. Kí o sì wo ara ògiri pálọ̀. Níbí, sátífíkéètì nọ́ọ̀sì kan wà nínú gíláàsì lára ògiri, ó ń dán, ẹni tó sì ni í, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń yọjú. Ká ní ó ń sùn níbẹ̀ ni, ṣé kò ní mọ̀ pé ikọ́ Tíṣà kì í ṣe ikọ́? Tìrẹ tí mo fi aṣọ ìyàwó tí mo ń rán sanwó rẹ̀ yẹn, tí o fi ọdún mẹ́rin kọ́, má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Bí sátífíkéètì rẹ bá wà níbẹ̀, kí ìwọ náà wà níbẹ̀.

Ṣé ẹ̀kẹta ni mo wà báyìí? Ó ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ dídákẹ́ ló kù.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà kan, ọ̀gá mi sì rò pé Sìkírátù ni, ẹni tá a jọ ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n lé e. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo ń wo ilẹ̀. Mi ò rí i mọ́ di òní. Gbogbo èèyàn ń sọ pé ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mí, ojú ń tì mí. Ojú tìtì kọ́ nígbà mìíràn, Bùnmi. Ojo ni, ó kàn da aṣọ ọmọlúàbí bora ni.

Ìpàdé tí wọ́n ṣe kọjá, ká ní o wà níbẹ̀, wàá bínú, wàá sì rẹ́rìn-ín. Onílé kan ní, "Wọ́n á fo fẹ́ǹsì lóru wá dúńbú wa." Kò tíì sí ẹni tó fo fẹ́ǹsì rí o, àfi ewúrẹ́ rẹ̀. Òmíràn ní jẹnẹrétọ̀ wọn ń pariwo, tirẹ̀ sì ń pariwo nígbà tó ń sọ ọ́, a ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ọkọ mi dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní, "Ṣé kí wọ́n kúrò la fẹ́ ni, àbí kí ìjọba wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí wọ́n fún wọn ní òfin?"

Alága ní, "A ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n wá. Wọ́n ya fọ́tò géètì, wọ́n lọ."

"Ẹ jẹ́ ká tún kọ̀wé. Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹnì kan nínú wa ló wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá Adéọlá dá a lóhùn kíá. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ti yàtọ̀, sà. Aládùúgbò Ráhábù kì í sọ̀rọ̀ Jẹ́ríkò ní búburú." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọkọ mi, ó jókòó. Èmi tí mo bí ọ̀rọ̀ náà, mo jókòó tì í, mo ń ká etí gèlè mi.

Wọ́n wá gbé ìwé kiri pé kí a fọwọ́ sí i, kí ilé náà kúrò. Ọkọ mi kọ̀, ó ta ìwé náà síwájú. Ó dé ọwọ́ mi. Gbogbo ojú wà lára mi. Bùnmi, mo fọwọ́ sí i. Mo kọ orúkọ mi tuntun ní ẹ̀ẹ̀kan láìgbé bírò sókè, bí Tíṣà ṣe kọ́ mi. Alága ní, "Ẹ wo bí ìyàwó wa ṣe ń kọ̀wé!" Ìwé àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ sí láyé mi nìyẹn.

Ọkọ mi ń rìn níwájú títí a fi délé. Ibẹ̀ ló ti ní, "Ó dára, o ní ìdí tìrẹ." Ó kàn ṣe bẹ́ẹ̀ lọ da omi sí àwọn ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ìbá sàn kó bú mi.

Láàárọ̀ yìí mo ní kí n sọ fún un. Mo ní, "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

Ó gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. "Sọ ọ́."

Mo ní, "Iyọ̀ ti tán."

Ó lọ ra iyọ̀.

Ó ti tó gẹ́ẹ́. Ara mi ti kọ̀ ọ́. Ó sú mi kí àwọn onílé máa pariwo nípa ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wọ̀n tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó sú mi kí Dókítà máa ní ìfẹ́ Ọlọ́run lòun fi ń ṣe é, bí ẹni pé ìfẹ́ Ọlọ́run kì í gba nọ́ọ̀sì. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ara mi ló sú mi. Tí wọ́n bá lé ilé yẹn kúrò lónìí, Tíṣà á padà sí ojúde kẹ́místì, mi ò sì ní lè gbé máṣíìnì mi sí ibi òjìji yẹn mọ́ láéláé. Bí wọ́n bá sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n á máa dún lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbà kò le: kí wọ́n tú u lẹ́sẹ̀ lónìí, kí nọ́ọ̀sì máa sùn níbẹ̀, kí àwọn obìnrin méjì láti àdúgbò máa wọlé lọ wò wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màá jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ tèmi tí mi ò bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́?

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú tí o wà ní ìdájí ọ̀la ni màá fi ìwé yìí rán sí ọ. Mi ò ní tún un kà, kí n má baà fà á ya bíi ti méjì àkọ́kọ́. Níbi tó bá ti dúró, bẹ́ẹ̀ ni kí o gbà á. Kí o sì dá mi lóhùn nípa ìwé àṣẹ ilé yẹn kí Mọ́ńdè tó dé, má sọ fún mi pé o wà nínú bọ́ọ̀sì.

Ọkọ mi ti ń pè mí láti ẹnu géètì. "Amarya! Wọ́n ti jókòó o, ṣé o ń bọ̀?" Gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti dárí jì mí láìmọ ohun tó dárí rẹ̀ jì. Láti géètì wa dé abẹ́ igi máńgòrò, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni màá ti sọ fún un, kó lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àwọn yòókù tó gbọ́. Tí a bá sì dé ibẹ̀, kí Alága tó ṣí ìwé, màá dìde, màá ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbààgbà, kò sí Ráhábù kankan nínú ilé yẹn, ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni, èmi náà ni mo sì ra oògùn ikọ́ yẹn.